Ọjọ́ ìsinmi kan ní Yamoussoukro: ṣé ká dúró ni àbí ká kọjá?

Mọ́níyàDéDakar

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́rin la gbé ọkọ̀ jáde n'Ìbàdàn, Dakar là ń lọ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Abidjan, ní Côte d'Ivoire, la wà báyìí. Alẹ́ àná la gba ẹnubodè Noé wọlé, ó sì ti rẹ̀ wá tẹnutẹnu. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wa wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

A fẹ́ gba Yamoussoukro lọ sí Man, ká tó wọ Guinea. Gbogbo wa ti gbà pé a ó fi ọjọ́ kan gbáko sinmi lójú ọ̀nà, ibi tá a máa ti sinmi gan-an ló dájà sílẹ̀. Èmi ní Yamoussoukro, torí òun ni olú-ìlú wọn, olú-ìlú kò sì lè ṣaláì ní ohun tí ojú máa rí. Àbúrò mi ní òun gbọ́ pé igbó tí wọ́n da ọ̀dà sí ni. Àǹtí wa, àbúrò bàbá mi, ẹni ọdún 67, Alhaja ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ò torí àtiwo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀ kúrò nílé. Awakọ̀ ní ibi yòówù tí bẹ́ẹ̀dì bá wà ti tẹ́ òun lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí, ṣé ọjọ́ kan tó àbí ó ti pọ̀jù? Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn ọ̀nì tí wọ́n ní ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ààrẹ ibẹ̀? Ṣé wọ́n ń gba náírà? Àárọ̀ ọ̀túnla la máa gbéra.

Wolé_Ojúọ̀nà

Ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá. Títì tó gba ọkọ̀ mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ewúrẹ́ méjì ló ń lò ó. Iná títì tò lọ rẹrẹ, ẹni tó ń rìn lábẹ́ ẹ̀ ò sí. Olú-ìlú orúkọ lásán ni. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ wa gan-an, Abidjan ló wà. Ẹ lọ sinmi ní Grand-Bassam, ẹ jókòó sétí òkun, ẹ jẹ ẹja. Lọ́jọ́ kejì ẹ gbéra lọ sí Man lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ_Èjìgbò_Treichville

Wolé, o tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí mi sí, Èjìgbò ni ilé bàbá mi. Ẹni tó bá ti dé Èjìgbò rí mọ̀ pé tààrà ni ọkọ̀ máa ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan, àwọn ìyá àgbà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi Faransé dúnàá-dúrà mọ́ ọ lọ́wọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá di ti ilẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ káwa náà sọ tẹnu wa.

Àkọ́kọ́, Grand-Bassam tí Wolé ń polówó yẹn, ẹ̀yìn ni ó wà fún yín. Ẹ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Noé. Ẹni tó ń lọ sókè kì í padà sísàlẹ̀ lọ sinmi.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kó tàn yín pé Yamoussoukro nìkan ni olú-ìlú tó ṣàjèjì nílẹ̀ yìí. Àwọn olú-ìlú wọn kì í pẹ́ nílé ọkọ. Grand-Bassam yẹn gan-an ni àwọn Faransé kọ́kọ́ fi ṣe é lọ́dún 1893. Lọ́dún 1899 ibà pọ́njú pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin (àìsàn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ yín ní gbogbo ẹnubodè nìyẹn), ni wọ́n bá sá lọ sí Bingerville lọ́dún 1900. Nígbà tó fi máa di ọdún 1934, Abidjan ti gbà á. Lọ́dún 1983 ni Houphouët-Boigny, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, wá gbé e lọ sí abúlé tí wọ́n bí òun fúnra ẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn. Ìyá kan ló ni orúkọ ìlú náà: Yamousso, àgbà obìnrin nínú ẹbí Houphouët, tó jẹ́ olórí níbẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé. “Kro” ni ìlú lédè Baoulé. Ìlú Yamousso.

Ọkùnrin náà rówó kòkó, ó fi la títì tí ìlú náà ò tíì dàgbà tó láti lò. Òótọ́ lọ̀rọ̀ Wolé pé títì náà ṣófo. Àmọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọjọ́ mélòó kan jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Cotonou, Lomé, Accra títí dé Abidjan, ṣé èrò lẹ tún ń wá? Níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹyẹ láàárọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń pè é ní ibi ìsinmi.

Nǹkan bí 240 kìlómítà ni láti Abidjan. Láti 2013 ni ọ̀nà márosẹ̀ ti dé ibẹ̀, ẹ máa san owó ibodè lójú ọ̀nà, kí owó wẹ́wẹ́ wà nítòsí. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní aago mẹ́fà, ẹ ó jẹ oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀.

Fèrèsé_Búlúù

Mi ò mọ bí èèyàn á ṣe gba ìlú yẹn kọjá tí kò ní wọ Basilique Notre-Dame de la Paix, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn yẹn. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni mí, mi ò sì ní fi bò pé ojú ìfẹ́ ni mo fi ń wò ó. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, òun gan-an ni kò fẹ́ jáde níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi di òní. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bá a ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo wo ara mi, aṣọ mi ti di aláró. Gíláàsì aláwọ̀ ló yí inú ilé náà ká, nǹkan bí 7,000 mítà onígun mẹ́rin, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe wọ́n wá. Bí oòrùn bá ṣe ń yí ni àwọ̀ náà ń rìn nílẹ̀ lórí mábù. Mo jókòó fún wákàtí kan, àwọ̀ pupa kan kúrò ní ẹsẹ̀ mi, ó bọ́ sórí àga tó wà níwájú.

Àga 7,000 ló wà níbẹ̀, igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Nílé wa, ìrókò kan ṣoṣo ni bàbá mi kì í jẹ́ ká gba abẹ́ ẹ̀ kọjá lálẹ́.

Ọdún 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, Póòpù John Paul Kejì fúnra ẹ̀ ló wá yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, 1990. Kí ó tó gbà láti wá, ó ní kí wọ́n kọ́ ọsibítù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, àmọ́ ọsibítù náà ò ṣí títí di ọdún 2015. Ẹ fọwọ́ yín ṣírò ẹ̀.

Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹnikẹ́ni má wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹ ní kí amọ̀nà fi Houphouët hàn yín nínú gíláàsì. Ó wà níbẹ̀ lẹ́bàá Jésù. Ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé yín lọ sókè. Kàtídírà tó tóbi jù láyé ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú di.

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Fèrèsé, o ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe kàtídírà. Bàsílíkà ni. Kàtídírà ni ibi tí àga bíṣọ́ọ̀bù wà, ti Yamoussoukro sì ni Saint-Augustin, ilé mìíràn lọ́tọ̀ nínú ìlú kan náà.

Ti “ó tóbi jù láyé” náà ní àlàyé nínú. Ìwé àkọsílẹ̀ Guinness, tó ń ka àwọn ohun tó tayọ láyé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ilé ìjọsìn Kìrìsìtẹ́nì tó tóbi jù, wọ́n ka ilẹ̀ tó gbà sí nǹkan bí 30,000 mítà onígun mẹ́rin. Àwọn kan ta kò ó, wọ́n ní ilé àlùfáà àti ilé àlejò tí kì í ṣe ara ṣọ́ọ̀ṣì náà wà nínú ìṣirò yẹn. Tá a bá tún wò ó láti ibi iye èrò, 7,000 ló lè jókòó, 11,000 mìíràn á dúró. Èrò tí ti Peter Mímọ́ ní Róòmù ń gbà ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àmọ́ ní ti gíga, 158 mítà ni ti Yamoussoukro pẹ̀lú àgbélébùú orí ẹ̀, ó ga ju ti Róòmù lọ. Wọ́n dọ́gbọ́n sí i ni: wọ́n jẹ́ kí òrùlé rogodo náà rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti Róòmù, wọ́n wá gbé àgbélébùú ńlá lé e.

Fèrèsé_Búlúù

Tíṣà, mo ti gbọ́. Bàsílíkà. Ìwọ náà ti dé ibẹ̀ rí?

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Rárá.

Awakọ̀_Ogún_Ọdún

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ gíláàsì àti ìrókò látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹsẹ̀ awakọ̀.

Mọ́níyà, ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló wú àbí ọ̀kan? Tó bá jẹ́ méjèèjì, tí kò dùn ún, ìjókòó pípẹ́ ló sábà máa ń fà á. Kó dùbúlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí kó ga ju àyà ẹ̀ lọ, kó mu omi dáadáa, kó dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ta á ní ojúgun lẹ́yìn, tó gbóná, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ má dúró de Yamoussoukro rárá. Ọsibítù ní Abidjan lónìí. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó pẹ́, ó sì lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ ìsinmi awakọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí á máa gbé yín káàkiri ìlú láti wo nǹkan. Àṣìṣe tí gbogbo èrò máa ń ṣe nìyẹn. “Wá gbé wa dé ibí, wá gbé wa dé ọ̀hún, ọjọ́ ìsinmi ṣáà ni.” Ta ló ń sinmi nígbà náà? Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wọ takisí. Tó bá sùn di ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn.

Kí mẹkáníìkì wo bíréékì àti táyà lọ́jọ́ náà, àmọ́ kí ẹlòmíràn dúró tì í. Láti Yamoussoukro sí Man lé ní 300 kìlómítà, ẹ máa gba Bouaflé àti Daloa, ọ̀nà náà kì í ṣe márosẹ̀ mọ́. Ẹ má rin òru.

Mọ́níyàDéDakar

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Awakọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, kò sì dùn ún. A ti gbé e sórí ìrọ̀rí bẹ́ ẹ ṣe wí. Ẹ̀rín ń pa á pé àwọn tí kò mọ òun rí ló ń jà fún òun.

Àbúrò mi ní kí n béèrè: ẹ ò tíì sọ ti àwọn ọ̀nì.

Ìdòwú_Aláwòrán

Òótọ́ ni ti àwọn ọ̀nì. Inú adágún omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ààrẹ ni wọ́n wà. Houphouët ló kó wọn síbẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ọ̀nì mímọ́. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ń bọ́ wọn jáde wá pẹ̀lú ẹran nígbà tí mo lọ. Bó ṣe pè wọ́n báyìí, igi tí mo rò pé igi ni, ó gbéra nílẹ̀, ó ní ojú.

Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, àwòrán ẹ̀ máa ń dùn.

Ọmọ_Èjìgbò_Treichville

Ìdòwú! “Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa” báwo? Ṣé o ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2012 ni? Bàbá tó ti ń bọ́ wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún, tó mọ̀ wọ́n lórúkọ, òun gan-an ni ọ̀kan fà wọ omi lójú àwọn tó ń ya á ní fọ́tò. Kò jáde mọ́. Ẹni tó tọ́ wọn nìyẹn o, kì í ṣe àlejò láti Ìbàdàn.

Ẹ dúró lẹ́yìn irin. Ẹ má jókòó sórí ògiri kékeré náà, ẹ má sì fi ọmọdé lé e. Ohun kejì: ààfin ni ilé tó wà lẹ́yìn omi yẹn, ṣọ́jà ń ṣọ́ ọ. Ọ̀nì ni kẹ́ ẹ yà, ẹ má ya ẹnubodè ààfin, ẹ má ya ṣọ́jà.

Ìdòwú_Aláwòrán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo gbà. Lẹ́nsì gígùn ni èmi lò, ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ẹlẹ́ṣin_Irin

Kí n fi kún un pé nígbà tí èmi lọ, a dúró láti aago mẹ́rin àbọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò wá bọ́ ọ̀nì kankan. Méjì la rí, wọ́n ń sùn. Nítorí náà ẹ má fi gbogbo ọjọ́ lé orí ìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn dé ibẹ̀, mo sì ní ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi ojú ṣírò ọ̀nà nínú ìlú yẹn. Mo rí òrùlé bàsílíkà láti ilé tí mo sùn sí, mo ní kí n kúkú fẹsẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ mi fẹ́ ìsinmi lórí kẹ̀kẹ́. Ilé náà ga débi pé ó máa ń jọ pé ó wà níwájú ẹni. Mo rìn, mo rìn, kò sún mọ́ mi. Kò sí igi tó máa ṣíji bo èèyàn lórí títì gbọọrọ yẹn, ọ̀dà náà gbóná gba àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi wọlé. Ẹ wọ takisí.

Ìyá_Ràfíà_Yakro

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ̀yin ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ ìlú mi bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀. Ọdún kejìlélógún mi rèé ní Yamoussoukro, aṣọ ni mò ń tà. Àwa tá a ń gbé ibẹ̀, Yakro la ń pè é.

Wolé, ewúrẹ́ méjì tí o rí yẹn ní olówó. Títì ńlá nìkan lo gbà, o ò wọ inú ọjà, o ò dé Dioulakro, o ò dé Habitat lálẹ́ tí àwọn máàkí, ilé oúnjẹ wa, bá ṣí tán. Ṣé títì ni èèyàn ń wò mọ ìlú ni? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga INP-HB nìkan tó láti kún ìlú kan, láti gbogbo ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ Alhaja ló mú mi wá. Ẹ sọ fún wọn pé mọ́sálásí ńlá wà ní Yakro, ó dára, ó tutù, ibi tí obìnrin ń kírun wà lọ́tọ̀. Ẹ má fi tipátipá mú wọn wọ bàsílíkà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń se àmàlà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn Baoulé ní foutou ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gún bí iyán, ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà, mo mọ ohun tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ń wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá kedjenou jẹ ní máàkí. Adìyẹ ni, wọn kì í bu omi sí i. Wọ́n á to tòmátì àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n á dí ẹnu ìkòkò pinpin, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n lórí iná, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i kó fi ṣíbí rò ó. Attiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, lẹ máa fi jẹ ẹ́. Kí ẹ sì mu bissap, zobo tiwa náà ni.

Ẹ fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mi ò ní kọ àdírẹ́sì síta.

Mama_Sẹ́fà

Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn ti owó, mo ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Náírà kò wúlò ní Yamoussoukro. Abidjan ni kẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ kó tó di pé ẹ kúrò, ẹ lọ bá àwọn èèyàn wa. Sẹ́fà (CFA) tẹ́ ẹ fi ná ní Cotonou àti Lomé ni wọ́n ń ná níbí náà, ó sì dé Dakar. Àmọ́ Guinea kò sí nínú ẹ̀ o! Fáráǹkì tiwọn lọ́tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ìyẹn torí pé Faransé ni wọ́n jọ ń sọ. Ẹ pa sẹ́fà mọ́ fún Senegal, èyí tẹ́ ẹ máa ná ní Guinea nìkan ni kẹ́ ẹ ṣẹ́.

Ẹ fọ́ 10,000 yín sí wẹ́wẹ́ níbi tẹ́ ẹ bá ti ra epo. Tẹ́ ẹ bá gbé odidi 10,000 fún oní-takisí láàárọ̀, á kàn máa wò yín ni, ẹ̀yin náà á máa wò ó.

Wolé_Ojúọ̀nà

Ìyá Ràfíà, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo tọrọ àforíjì. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí. Ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ tán o: ẹni tí kò bá ní Ìyá Ràfíà níbẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe láti aago méjìlá títí di aago márùn-ún?

Awakọ̀_Ogún_Ọdún

Kó sùn.

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Kó lọ wo ilé Fondation Félix Houphouët-Boigny, tí wọ́n kọ́ nítorí ìwádìí àlàáfíà. Ẹ̀bùn àlàáfíà kan wà tí UNESCO ń fi orúkọ ọkùnrin náà fúnni. Mandela àti de Klerk ni wọ́n kọ́kọ́ fún, lọ́dún 1991, kí Nobel tó rántí wọn.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìlú yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ṣèpàdé lọ́dún 1999 tí wọ́n fi pinnu pé kí ọkọ̀ òfurufú máa fò fàlàlà láàárín wọn. Ìpinnu Yamoussoukro ni gbogbo ará pápá òfurufú mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó, ọ̀nà ilẹ̀ lẹ ṣì ń gbà lọ sí Dakar.

Ìdòwú_Aláwòrán

Mọ́níyà, kí n má gbàgbé: wákàtí kan ni aago ibí fi wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà. Cotonou bá tiwa dọ́gba, láti Lomé ló ti yí padà. Fóònù máa ń tún ara ẹ̀ ṣe, aago ọwọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ ti Alhaja wò.

Mọ́níyàDéDakar

Ẹ̀yin èèyàn mi, Man ni mo ti ń kọ èyí. Òkè ló yí wa ká, ara sì ti tù wá. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú la kúrò ní Abidjan lọ́jọ́bọ̀, kò tíì tó aago mẹ́wàá tá a ti wà ní Yakro. A gba yàrá méjì ní ilé ìtura kékeré kan. Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí méjì. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò jí títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi etí sí ilẹ̀kùn bóyá ó ń mí.

Èmi àti àbúrò mi lọ sí bàsílíkà. Fèrèsé, búlúù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Amọ̀nà fi Houphouët hàn wá. Àbúrò mi tó pè é ní igbó tí wọ́n da ọ̀dà sí kò sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ láti Mọ́níyà. Àwa méjì, amọ̀nà, àti obìnrin kan tó ń nu àga. Nínú àga 7,000. Mo béèrè bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó nu gbogbo ẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “ó máa ń tán, mo á tún bẹ̀rẹ̀.”

Àwọn ọ̀nì: Ìdòwú, o kìlọ̀ fún wa, a kò sì gbọ́. Aago ọwọ́ àǹtí ni a fi wò ó, torí fóònù mi wà níbi iná. A dé adágún “láago márùn-ún”, mẹ́rin ni lóòótọ́. Wákàtí kan la fi dúró sóòrùn. Ẹnì kan wá, ó wo omi, ó lọ. Kò gbé ẹran dání. Ọ̀nì kan la rí, ó ya ẹnu sílẹ̀ láìmi, àbúrò mi ní ère ni. Ó fẹ́ ju òkúta sí i. Mo gbá a lọ́wọ́.

Àǹtí ni wọ́n gbádùn jù. Nílé Ìyá Ràfíà ni wọ́n wà láti àárọ̀. Wọ́n jọ lọ sí mọ́sálásí ńlá, wọ́n jọ lọ sọ́jà. Ìyá se àmàlà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Jímọ̀. Nígbà tá a lọ mú wọn lálẹ́, orí ẹní la bá àwọn méjèèjì, wọ́n ti rí i pé àwọn jọ mọ obìnrin kan ní Òkè-Àdó tó ti kú lọ́dún 1994, wọ́n sì ń sunkún ẹ̀ lákọ̀tun. Àǹtí ní kí a fi ọjọ́ kan kún un. Awakọ̀ nìkan ló tì wọ́n lẹ́yìn.

Mama Sẹ́fà, a ti fọ́ owó wa sí wẹ́wẹ́. Ẹ ṣeun gan-an.

Wolé_Ojúọ̀nà

Ọ̀nì kan ṣoṣo. Mo wí fún yín. Ṣùgbọ́n ìyá, ẹ jọ̀ọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni mo tún ń kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni.

Ìyá_Ràfíà_Yakro

Wolé, wá, àmàlà á wà. Mú ewúrẹ́ méjì yẹn dání.

Mọ́níyà, ọmọ mi, sọ fún Alhaja pé tẹ̀sùbáà wọn wà lọ́wọ́ mi, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí i. Ọkọ̀ kan ń lọ sí Man lọ́la, mo ti wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo fún awakọ̀. Kí ẹ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aago ibí o, kì í ṣe aago ọwọ́ wọn.